Bí Tuovi Ṣe Fa Ìlà Sórí Òǹkà Ara Rẹ̀

Èmi àti Tuovi Räihä jọ lo yàrá iṣẹ́ kan fún ọdún mọ́kànlá ní ilé ìwádìí wa ní Oulu, ní orílẹ̀-èdè Finland, mo sì lè sọ ọ́ láìfi bò pé obìnrin náà máa ń bí mi nínú. Kò sí ohun tí kì í wọ̀n. Ó mọ iye ìṣẹ́jú tí mo fi ń wá awò ojú mi láràárọ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tí mo bá ní, "Yàrá yìí mà tutù o," á wo ẹ̀rọ tó ń wọn ooru lára ògiri, á ní, "Digiríì mọ́kànlélógún ni. Aṣọ ẹ ló fẹ́lẹ́." Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún un rí, torí pé níbi tiwa, a kì í sọ irú ẹ̀ jáde.

Iṣẹ́ wa ni pé ká lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ká ka àṣìṣe wọn, ká wọn àkókò wọn, ká wá sọ ibi tó yẹ kí wọ́n tún ṣe. Inú ìwé ni àwa yòókù ti bọ́ sídìí rẹ̀. Ilé màlúù ni Tuovi ti wá. Láti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti oko dé oko, tó ń wọn wàrà màlúù kọ̀ọ̀kan fún ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, tó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ọdún mẹ́tàlá ló fi ṣe é. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sunkún. Ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òun.

Àwọn tó ń kọ ètò kì í jẹ́ kó gbàgbé oko. Tó bá ti yọjú pẹ̀lú ìwé àti aago rẹ̀, ẹnìkan á dún bíi màlúù láti ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Tuovi á ní, "Dúró jẹ́ẹ́, má ta mí nípàá, kò ní pẹ́."

Ní ọdún 2003, ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ó sì ti fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ilé iṣẹ́ kan láàárín ìlú, tó ń kọ ètò fún ẹ̀rọ tó ń dá fún wàrà màlúù, ló ti ṣe ìwádìí náà fún ọdún méjì. Yàrá kọfí kan ṣoṣo ni wọ́n ní, nísàlẹ̀ pátápátá, tábìlì gígùn kan ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni gbogbo wọn máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀. Tuovi wọ̀n ọ́n: àtirìn lọ, àtijókòó, àtirìn bọ̀, ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta lójúmọ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó gba ọ̀gá wọn nímọ̀ràn pé kó gbé ẹ̀rọ kọfí sí àjà kọ̀ọ̀kan, kí kálukú máa bu tirẹ̀ lọ sídìí iṣẹ́. Ọ̀gá ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́rin, iṣẹ́ tó ń parí lọ́sẹ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́jọ lé sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sundvall tó ń darí ìwádìí náà sọ pé orí kẹrin, níbi tí ọ̀rọ̀ kọfí yìí wà, ló máa gbé ìwé rẹ̀ dúró. Wọ́n tẹ ìwé, wọ́n dá ọjọ́ tí Tuovi yóò gbèjà rẹ̀ ní gbangba, wọ́n sì ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n ọkùnrin kan ní Trondheim, ní Norway, pé òun ni kó wá ta kò ó, kó fi ìbéèrè dán ìwé náà wò níwájú èrò.

Kò sẹ́ni tó retí ọjọ́ náà tó ìyá rẹ̀, Hilja. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni ìyá yìí, kò sì sẹ́ni tó kàwé kọjá ọdún mẹ́fà nínú ìdílé wọn kí Tuovi tó dé. Ó ti ra bàtà dúdú, ó ń wọ̀ ọ́ kiri inú ilé kó lè rọ̀.

Ó sọ fún mi lórí fóònù pé, "Ilpo, iwájú pátápátá ni mo máa jókòó sí o, etí mi ti di. Ọkùnrin ará Norway yẹn, ṣé ó máa pariwo mọ́ ọn ni?"

"Wọ́n kàn máa ń ṣe bí ẹni tó bínú ni, Ìyá."

"Tó bá bú u, màá dìde."

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tuovi wà ní ilé iṣẹ́ náà, ó lọ mú ìwé kan, ni àgbẹ̀ kan pè láti Kiuruvesi. Ẹni tó gbé fóònù kò mọ orí màlúù yàtọ̀ sí ìrù, ló bá na fóònù sí Tuovi.

Obìnrin náà ní, "Ẹ̀rọ yín ò jẹ́ kí màlúù mi, Omena, wọlé! Ọjọ́ kejì rèé! Ọmú ẹ̀ ti le gbandi, ó ń ké, èmi náà sì ti fẹ́ máa ké. Ẹ̀rọ ní òun ti fún wàrà ẹ̀!"

Tuovi bi í ní ìbéèrè méjì, ọ̀rọ̀ náà yé e. Omena ti dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ti ka nọ́ńbà ọrùn rẹ̀, ló bá fẹ̀yìn rìn jáde. Màlúù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wọlé dípò rẹ̀, ẹ̀rọ sì fún wàrà tiyẹn, ó kọ ọ́ sórúkọ Omena. Nígbà tí Omena wá padà dé, ẹ̀rọ lé e.

Tuovi gòkè lọ bá Veijo Lohilahti, ẹni tó pẹ́ jù nínú àwọn tó ń kọ ètò, ó ṣàlàyé fún un. Veijo ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ìyẹn kẹ̀? Mo ti rí ìyẹn láti ìgbà tí yìnyín ń yọ́."

"O rí i? Ìpàdé àyẹ̀wò mélòó la ti ṣe látìgbà náà?"

"Mẹ́fà."

"O sì wà nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo kọ orúkọ ẹ sílẹ̀. Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?"

"Níwájú gbogbo èèyàn? Aulis ló mà kọ ibi yẹn. Ṣé kí n wá dójú ti ọmọ ọlọ́mọ ni?"

"Tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Níbo lo ti máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀?"

"Nísàlẹ̀, nídìí kọfí." Veijo wá wò ó lójú. "Ṣebí ìwọ lo ní kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀."

Àwọn Yorùbá ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní tiwa, ìdákẹ́jẹ́ ló ń kó o bá a. Nínú ìpàdé, gbogbo wa á dákẹ́ bí ẹni tó wà nílé òkú, a ó ní ó dára, a ó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nídìí kọfí, èèyàn lè tẹjú mọ́ inú ife rẹ̀, kó ní, "Ó ń ṣe mí bíi kí n mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí màlúù bá fẹ̀yìn rìn." Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹni tó ni iṣẹ́ á kàn ní "Hùn-ún," á ki búrẹ́dì dídùn tó kù bọnu, á gòkè lọ tún un ṣe. Ojú ò ti ẹnikẹ́ni.

Tuovi padà sí yàrá wa, ó jókòó láìbọ́ ẹ̀wù. Ó lọ gba ìwé ẹ̀sùn àwọn àgbẹ̀, tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ka mìíràn tí kò ronú kàn rí. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi kà á. Kí ẹ̀rọ kọfí tó gòkè, àṣìṣe mẹ́ta ló ń dé oko lóṣù. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di mọ́kànlá. Iṣẹ́ tó ń parí pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyókù iṣẹ́ náà, ẹ̀yìn àwọn màlúù lóko ni wọ́n ti ń parí rẹ̀.

Mo ní, "Tuovi, pa ẹnu mọ́, jọ̀ọ́. Ta ló máa mọ̀?"

Ó ní, "Omena mọ̀."

Mi ò ní purọ́, tó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá gbé ìwé ẹ̀sùn yẹn padà síbi tó wà, kí n sì lọ gboyè mi.

Sundvall, tó fi ọdún mẹ́wàá kéré sí i, kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá bínú. "Ìwé ti jáde, Tuovi. Gbèjà ẹ̀, gba oyè ẹ, kó o wá kọ èyí sínú ìwé míì lọ́dún tó ń bọ̀. Bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Orí kẹrin kì í ṣe òótọ́."

"Ó kàn kù díẹ̀ káàtó ni."

"Tí mo bá wọn wàrà oko kan, tí mi ò ka garawa tó dà nù, ṣé ó kù díẹ̀ káàtó náà nìyẹn?"

"Ọdún méjì míì lò ń sọ yẹn o," Sundvall wí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá ẹ ńkọ́?"

Tuovi kó ìwé rẹ̀, ó jáde. Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé e lọ bá ìyá rẹ̀ ní Pudasjärvi lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá Hilja gbé kọfí kalẹ̀ fún wa, ó tẹ́tí títí ọ̀rọ̀ fi tán.

"Ṣé o kọ iye tí kì í ṣe òótọ́ sínú ìwé ni?"

"Mi ò mọ̀ nígbà tí mò ń kọ ọ́, Ìyá. Mo ti wá mọ̀ báyìí."

"Fa ìlà sórí ẹ̀ nígbà náà." Ìyá náà bu ṣúgà sínú ife rẹ̀, ó rò ó pẹ́. "Mi ò tíì fẹ́ lọ síbì kankan."

Tuovi fagi lé ọjọ́ ìgbèjà. Ó dúró níwájú gbogbo àwọn tó ń kọ ètò ní ilé iṣẹ́ náà, ó ní, "Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Mo wọn ìrìn yín, mi ò wọn ọ̀rọ̀ yín. Ẹ padà sísàlẹ̀." Ojú tì wọ́n fún un débi pé wọ́n ń wo bàtà wọn. Veijo ló kọ́kọ́ dìde, ó fa okùn ẹ̀rọ kọfí àjà tirẹ̀ yọ, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Odindi ọdún kan ni Tuovi fi jókòó sí igun tábìlì kọfí yẹn pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Nínú igba ó lé mẹ́rìnlá àṣìṣe tí wọ́n rí, mọ́kànléláàádóje ni ẹnìkan kọ́kọ́ sọ nídìí kọfí. Mẹ́sàn-án péré ló jáde nínú ìpàdé. Ó wá gbé ìpàdé fúnra rẹ̀ lọ sídìí tábìlì náà, ó ní kí wọ́n máa yọ orúkọ ẹni tó kọ iṣẹ́ kúrò lórí rẹ̀. Àṣìṣe tó ń dé oko bọ́ sí méjì lóṣù. Mi ò tíì rí iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí.

Ìyá Hilja kú ní oṣù kejì ọdún 2005, lójú oorun. Tuovi gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó padà sídìí tábìlì, ó ń ka àṣìṣe lọ.

Oṣù kẹjọ ọdún náà ló gbèjà ìwé rẹ̀. Veijo àti àwọn èèyàn rẹ̀ kún ìlà àga mẹ́ta. Àgbẹ̀ Kiuruvesi náà wá. Ọkùnrin Trondheim yẹn kò bú ẹnikẹ́ni. Ó bi í ní ìbéèrè fún wákàtí méjì, Tuovi sì ń fi òǹkà dá a lóhùn, kò ṣi ìwé wò lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó parí, ọkùnrin náà ṣí orí kẹrin tuntun, níbi tí Tuovi ti kọ àṣìṣe ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ojú ewé méje.

Ó ní, "Ìbéèrè mi ìkẹyìn rèé. Àwọn mìíràn máa fẹ́ tún iṣẹ́ wọn ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì fẹ́ mọ ohun tó máa ná wọn. Ohun gbogbo lẹ wọ̀n nínú ìwé yìí. Àtúnṣe yìí fúnra rẹ̀, kí ni iye tó ná yín?"

Tuovi wo àwọn àga iwájú pátápátá, níbi tí ìyá rẹ̀ ní òun máa jókòó sí.

"Ìyẹn," ó wí, "ni mi ò wọ̀n."