Bàbá Mi, Tíṣà Tó Fi Àmì Ohùn sí Orúkọ Abúlé Òyìnbó

Ó dìgbà o, Bàbá mi! Ilé Bódìjà dákẹ́ lọ wáà. Àga yín wà níbẹ̀, ìwé yín wà níbẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni a wá tì. Àwọn àbúrò mi ní kí èmi Fọláṣadé, àkọ́bí yín, kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére yìí, wọ́n ní èmi ni mo máa ń bá yín jiyàn jù. Ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ mí! Ta ni n óò wá máa bá jiyàn báyìí?

Àkànní, tíṣà tó kọ́ ọmọ, tó kọ́ bàbá ọmọ. Ọ̀gá tí yóò wọ ilé-ìwé láti wá bẹ̀ ẹ́ wò, tí ọ̀gá ilé-ìwé yóò máa wá bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀. Ẹ kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo kọjá lójú yín láìní àmì ohùn. Bí èèyàn bá fi káàdì ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí yín, bírò pupa lẹ ó kọ́kọ́ mú. Ìwé ìpè ìgbéyàwó tèmi gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ dá a padà fún àwọn atẹ̀wé ní Dùgbẹ̀, ọkọ ìyàwó ń làágùn. Ẹ ní, "Ohun tí a kò bá fi àmì sí, ẹlòmíràn ni yóò sọ ọ́ di nǹkan mìíràn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn, ibi tí ẹ fi àmì sí jù láyé. Abúlé Òyìnbó ni. Nígbà tí ẹ lọ kàwé lọ́hùn-ún, kí ẹ tó bí èmi, abúlé kékeré kan lẹ ti rí yàrá gbà, nílé opó arúgbó kan tó ń jẹ́ Mísíìsì Kọ́tà. Ṣọ́ọ̀ṣì kan, kànga kan, ilé alágbẹ̀dẹ kan, àti ìwọ̀nba ilé tí ọmọdé lè kà tán, abúlé náà nìyẹn. Bí ẹ bá ti jẹun tán, màmá yẹn á bẹ̀rẹ̀ ìtàn: ẹni tó gbẹ́ kànga, àìsàn tó pa ìdajì ilé run, àwọn òkúta ibojì tí òjò ti fọ orúkọ wọn nù ṣùgbọ́n tí òun mọ ẹni tó sùn sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí pé bí Òyìnbó ṣe ń kọ orúkọ kọ́ ló ṣe ń pè é, ohun tí etí yín gbọ́ lẹ kọ, ẹ sì fi dò-rè-mí sí i lórí bí ẹni kọ Yorùbá.

A mọ abúlé yẹn ju bí a ti mọ Agbowó lọ. Ẹ ní lọ́dọọdún, gbogbo ará ibẹ̀ a máa rìn yí ààlà ilẹ̀ wọn po, wọ́n a sì rọra fi orí àwọn ọmọdé gbá òkúta ààlà, kí wọ́n má baà gbàgbé rẹ̀ láéláé. Ẹ gbé àṣà náà wálé! Sátidé àkọ́kọ́ nínú ọdún, ẹ ó tò wá jáde, a ó máa yí ògiri ilé wa ká. Ọpẹ́lọpẹ́ Màmá wa, tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi orí ọmọ òun gbá síméǹtì, ọwọ́ la fi ń kàn án. Aládùúgbò wa, Ìyá Ìjẹ̀ṣà, á yọjú: "Tíṣà, kí lẹ sọnù?" Ẹ̀yin á ní, "A ò sọ nǹkan kan nù. Ààlà là ń kí." Ìyá Ìjẹ̀ṣà á mi orí, wọ́n á ní ìwé ti pọ̀ jù fún bàbá yìí.

Àfi bí lẹ́tà ṣe dé lọ́jọ́ kan láti abúlé náà. Mísíìsì Kọ́tà ti kú tipẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ ń kó ìtàn ìlú wọn jọ, ọmọ-ọmọ màmá náà sì rí àdírẹ́sì yín lára káàdì Kérésì àtijọ́. Pápá kan ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Orúkọ rẹ̀ gùn gbọọrọ lórí máàpù, kò sì sẹ́ni tó mọ bí àwọn àgbà ṣe ń pè é mọ́. Wọ́n ní bóyá Mísíìsì Kọ́tà dárúkọ rẹ̀ fún yín rí. Ẹ ṣí ìwé yín, ẹ kígbe láti pálọ̀: "Ẹ́nàsì! Mí, dò, dò!" Ẹ ra kásẹ́ẹ̀tì, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ ń gba ohùn ara yín sílẹ̀. Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Àkùkọ Ìyá Ìjẹ̀ṣà kọ sáàárín ọ̀rọ̀. Mo ní kí ẹ tún un gbà, ẹ ní rárá, kí wọ́n lè mọ̀ pé alààyè ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí èsì dé, wọ́n ní bàbá arúgbó kan lọ́dọ̀ wọn sunkún nígbà tó gbọ́ ọ, ó ní bí ìyá òun ṣe ń pè é gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Inú gbogbo ilé ń dùn, àfi tèmi. Mo bú jáde: "Bàbá, ẹ mọ ibi tí wọ́n sin bàbá ńlá Òyìnbó sí. Ìyá àgbà tó tọ́ yín ní Abà Ìyeyè, abúlé tiwa, ńkọ́? Níbo ni wọ́n sin wọ́n sí?" Bí mo ti sọ ọ́ tán ni mo mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù. Ẹ bọ́ awò ojú yín. Ẹ ní, "N ò mọ̀ ọ́n, Ṣadé." Ẹ ní lọ́jọ́ tí ẹ lọ dágbére fún wọn, wọ́n ní kí ẹ jókòó, àwọn fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ilé yín fún yín. Ẹ ní ẹ̀ ń kánjú, ọkọ̀ ojú omi kì í dúró de èèyàn, ó di ìgbà tí ẹ bá kàwé dé. Ẹ kò bá wọn mọ́. "Ìdí tí mo fi jókòó ti Mísíìsì Kọ́tà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí n ò dúró gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà tèmi, mo wá ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá onílé." Ẹ wá kọjú sí mi. "Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé o ti béèrè lọ́wọ́ Ìyá Abúlé?" Ìyá Abúlé ni ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó kù ní Abà Ìyeyè tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ wa. N kò béèrè rí.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí lọ nìyẹn, Sátidé lẹ́yìn Sátidé. Bí epo bá wà, a gbé ọkọ̀ yín. Bí epo bá wọ́n, a wọ ti èrò. Ìyá Abúlé ń sọ, èmi gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì lé ẹsẹ̀, ẹ̀yin ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ń fi àmì sí i.

Ọjọ́ tí ìtàn kan odò ni n kò lè gbàgbé. Láti kékeré wa lẹ ti ń fi odò Abà Ìyeyè wàásù fún wa. OKO lásán, láìní àmì, ni wọ́n kọ sí pátákó ẹ̀bá afárá. Ẹ ní Odò Ọkọ́ ni, ibi tí àwọn baba ńlá wa ti ń fọ ọkọ́ wọn bí wọ́n bá ti oko bọ̀. Ẹ ní, "Ọmọ alágbára ni yín, iṣẹ́ ni orísun wa." Ìyá Abúlé gbọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí wọn. "Àkànní! Ọkọ́ kẹ̀? Ta ló ń fọ ọkọ́? Odò Ọkọ ni! Ibẹ̀ làwọn ọmọge ti ń rí ọkọ. Ibẹ̀ ni ìyá wa àgbà ti mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ ìkòkò omi sẹ́sẹ̀ bàbá wa àgbà, kí wọ́n lè rí ohun bá a sọ!" Yéè, tíṣà àgbà! Ẹni tí kò ṣi àmì pápá Òyìnbó, ó ṣi àmì odò ilé bàbá rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín, ẹ sì fi ọwọ́ ara yín fagi lé e nínú ìwé yín.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni Ìyá Abúlé di ọwọ́ yín mú lọ sẹ́yìn ògiri tó ti wó. Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sílẹ̀, wọ́n ní, "Ibí ni ìyá wa àgbà wà." Ẹ ṣí fìlà.

Bàbá, kí àìsàn tó dá yín dúró, ìtàn ilé wa ti kún inú kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe ìyọnu. Ìyá Abúlé ṣì ń sọ, mo sì ń lọ jókòó tì wọ́n. Ìtàn náà kò ní sọnù lójú èmi Ṣadé.

Àwọn ẹbí kan ní Ìbàdàn ló yẹ ká sin yín sí. Wọ́n ní ọ̀nà abúlé kò dára, ọkọ̀ àwọn ènìyàn pàtàkì kò ní dé ibẹ̀. Mo jiyàn, mo sì borí. Ẹ̀yìn ògiri yẹn ni a gbẹ́ ilé yín sí, ẹ̀gbẹ́ ìyá yín àgbà tímọ́tímọ́. Kò sí ọkọ̀ ojú omi tí ẹ̀ ń sáré bá mọ́, kò sì sí ìwé tí ẹ̀ ń lọ kà. Ẹ jókòó tì wọ́n, Bàbá mi, kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́sí. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ sùn re o.