Bọ́ọ̀dù Tí Mo Kà fún Màmá

Òórùn sítáàṣì tí áyọ́ọ̀nù ń jó ló máa ń jí mi láàárọ̀ ní Ìgàndó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Bọ́sẹ̀, á ti tẹ́ yúnífọ́ọ̀mù funfun ilé ìwé nọ́ọ̀sì rẹ̀ sórí tábìlì, Màmá wa á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wò ó, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú wa dùn nígbà náà. Èmi ni mo bà á jẹ́.

Màmá ò kàwé. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń ka gbogbo ìwé tó bá wọlé fún wọn, ìbáà ṣe ti iná tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá kà á tán, wọ́n á fọwọ́ pa mí lórí: "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀." Orí mi á wú bíi gàrì tó mumi.

Nígbà tí Bọ́sẹ̀ kọ́kọ́ rí ilé ìwé nọ́ọ̀sì náà ní Egan, èmi ni Màmá mú lọ wò ó. Wọ́n ní ẹni tó ń fẹ́ nǹkan kì í rí àléébù rẹ̀. "Registered" ni wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára bọ́ọ̀dù. Màmá bi mí pé, "Ṣé ìjọba fọwọ́ sí iṣẹ́ wọn ṣá?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀." Mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Màmá ta ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, Bọ́sẹ̀ sì wọlé.

Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Nígbà tó mú sàtífíkéètì rẹ̀ lọ wáṣẹ́ ní ọsibítù ìjọba, obìnrin tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ rọra dá a padà fún un. Ó ṣàlàyé pé orúkọ lásán ni ilé ìwé náà lọ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, bí ẹni tó ń ta bàtà náà ṣe lè ṣe. "Accredited" ló yẹ kó wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé àwọn aláṣẹ nọ́ọ̀sì ti wá yẹ àwọn olùkọ́ wọn wò, wọ́n sì ti jẹ́rìí sí i pé ẹ̀kọ́ wọn péye. Kò sẹ́ni tó wá wò wọ́n rí. Bọ́sẹ̀ délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ láì sunkún. Màmá ò bá mi wí. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí. Wọn ò kàn gbé ìwé fún mi kà mọ́ ni.

Lónìí, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní Ẹgbẹ́dá. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì, wọ́n ń dà á kọ. Bọ́sẹ̀ ń nulẹ̀ ní kílíníìkì kékeré kan ní Ìkòtún, wọn ò jẹ́ kó wọ funfun. Mi ò mọ bí mo ṣe lè tún un ṣe mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá gba ìwé kan bọ̀ láti ọsibítù. Mo nawọ́ sí i. Wọ́n ká a pọ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. "Bá mi pe Tọ́pẹ́ jàre."

Ọmọbìnrin ayálégbé wa ni Tọ́pẹ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo pè é wá, ó sì kà á já. Màmá fọwọ́ pa á lórí, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́.