Àkùkọ àti Kọ́kọ́rọ́ Lórí Páálí Ìwọ̀

Ní gbogbo àárọ̀ tó bá tẹ̀lé òjò àkọ́rọ̀, ilé wa ní Bantè máa ń rùn bí ìyẹ́ adìyẹ tó jóná. Ẹni tó bá ń kọjá lọ á rò pé a ti pa adìyẹ, á sì rọra fa ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa bóyá a máa pè é. A ò pa nǹkan kan. Bàbá mi, Ràímì télọ̀, ló ti jókòó sídìí máṣínì ìránṣọ wọn láti ìdájí, tí wọ́n ń so ìyẹ́ mọ́ ìwọ̀ ẹja. Òwú tó yẹ kí wọ́n fi rán ṣòkòtò oníṣòkòtò ni wọ́n fi ń so ó, wọ́n á wá fi ìṣáná jó ẹnu ìyẹ́ tó bá yọ jù. Tí oníṣòkòtò bá dé, wọ́n á ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ṣòkòtò náà ti wà nílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílùú wa mọ ìdí rẹ̀. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, èsúnsún á fò jáde, ọ̀pọ̀ á já sínú odò tó wà lọ́nà Agoua, ẹja á sì máa gòkè wá gbé wọn mì. Bàbá mi ló rí i pé tí èèyàn bá so ìyẹ́ ọrùn adìyẹ mọ́ ìwọ̀ dáadáa, tó sì jẹ́ kó léfòó lójú omi, ẹja ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èsúnsún. Ó bọ́ lọ́wọ́ ekòló wíwà. Àwọn adìyẹ wa nìkan ni ò dúpẹ́. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni wọ́n, tí òjò bá sì ti ṣú báyìí, wọ́n á kó gbogbo adìyẹ wọ yàrá, wọ́n á gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á jókòó lé e. Síbẹ̀ náà, kí oṣù tó parí, ọrùn adìyẹ wa á ti hó bí orí ìmàle tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ bọ̀.

Ìyẹ́ ò dá wàhálà sílẹ̀ tó ìwọ̀. Ọjà Savalou la ti ń rà á, lọ́wọ́ ìyá ẹ̀yà Máhì kan tí gbogbo wa ń pè ní Tántì Odíìlì. Wọ́n fi okùn so páálí ìwọ̀ pélébé-pélébé rọ̀ síwájú àtẹ, oríṣiríṣi, àwòrán tó wà lára kálukú la sì fi ń pè é. Alákùkọ wà, Oníkọ́kọ́rọ́ wà, Oníràwọ̀ wà. Onírùngbọ̀n wà, ìyẹn òyìnbó kan tó ń wò bí ẹni tí eyín ń dùn. Elérin náà wà, èmi ò sì tíì mọ ohun tí erin ń wá nídìí ẹja títí dòní. Tí o bá bi Tántì léèrè èyí tó dára jù, wọ́n á ní, "Èyí tí o bá mú lọ ni."

Bàbá mi ò rí nǹkan mìíràn rà ju Alákùkọ. Bàbá Kékeré, àbúrò wọn tó ń tún alùpùpù ṣe, Oníkọ́kọ́rọ́ ni tiwọn. Àwọn oní-zémíjàn tó ń fi alùpùpù gbé èrò ní oríta wa náà pín sọ́nà méjì, wọ́n a máa jiyàn títí oníbàárà á fi fẹsẹ̀ rìn lọ. Mẹ̀síẹ̀ tó ń kọ́ wa nílé-ìwé ń lo Oníràwọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ka tiwọn sí, torí a ò rí i rí kí wọ́n gbé ẹja délé.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, bàbá mi àti Bàbá Kékeré jọ máa ń lọ sódò ni, èmi náà á tẹ̀lé wọn. Ìyá Àgbà á se ẹja náà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò á sì jẹun nínú abọ́ kan. Orí ẹja nìkan ló máa ń ṣẹ́ kù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ orí." "Rárá, ìwọ ni kó o jẹ ẹ́." Wọ́n á ti orí ẹja síwá sẹ́yìn títí á fi di tèmi. Mo fẹ́ràn orí ẹja ju ọdún iléyá lọ. Mo tún fẹ́ràn ẹ̀rín Bàbá Kékeré, èyí tó máa ń lé adìyẹ sá.

Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹja ńlá kan gbé ìwọ̀ Bàbá Kékeré mì. Gbogbo wa rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fà, wọ́n fà, ìwọ̀ bọ́, ẹja lọ. Ó yẹ kí bàbá mi bá wọn kẹ́dùn. Kàkà bẹ́ẹ̀, bàbá mi ní, "Mo ti sọ fún ọ. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣí. O ti ṣílẹ̀kùn fún ẹja, ó sì ti bá tiẹ̀ lọ." Bàbá Kékeré ká okùn ìwọ̀ wọn, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì rí àkùkọ tó lè lúwẹ̀ẹ́. Èyí tó bá já sódò, ọbẹ̀ ni."

Orí alùpùpù kan náà la jọ gùn délé, èmi Sàfú láàárín, ẹnu mi ni wọ́n ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀. "Sàfú, sọ fún bàbá rẹ kí wọ́n má tì mí." "Sàfú, sọ fún un kó sáré díẹ̀." Láti ọjọ́ yẹn, abọ́ di méjì, igun àgbàlá di méjì. Oníkálukú ń jẹ orí ẹja tiẹ̀. Ìyá Àgbà ń tún un sọ pé, "Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà," wọn ò gbọ́. Ó dùn mí débi pé mo sunkún sínú ẹ̀kọ. Kì í ṣe torí orí ẹja nìkan, ẹ gbà mí gbọ́. Bàbá Kékeré ò rẹ́rìn-ín mọ́, àwọn adìyẹ pàápàá ń rìn gbéndéke.

Nígbà náà ni Mẹ̀síẹ̀ ní kí oníkálukú mú páálí nǹkan kan wá láti ilé, kó wá ka ẹ̀yìn rẹ̀ ní Faransé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mú páálí ṣúgà. Èmi mú páálí Alákùkọ lábẹ́ máṣínì bàbá mi, kí tèmi sì lè pọ̀ ju ti gbogbo wọn, mo tún mú Oníkọ́kọ́rọ́ nínú àpótí irinṣẹ́ Bàbá Kékeré. Mi ò tọrọ ọ̀kankan. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà wẹ́wẹ́ sọ ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n: ilé-iṣẹ́ kan, ìlú kan, òpópónà kan, nọ́ńbà ilé kan náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ̀síẹ̀ kà á, wọ́n yọ Oníràwọ̀ tiwọn láti inú báàgì, wọ́n ka ìyẹn náà. Ibì kan náà ni. Mẹ̀síẹ̀ wá ibì kan jókòó.

Ilé-kéú ni bàbá mi àti àbúrò wọn lọ, wọn ò mọ Faransé kà, nítorí náà ọwọ́ mi lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rù bà mí. Okùn tí bàbá mi fi ń wọn aṣọ a máa wọn itan ọmọ tó bá mú nǹkan láìtọrọ. Àmọ́ nígbà tó di Sọ́ńdè, tí wọ́n gbé abọ́ méjì kalẹ̀, mo dúró láàárín àgbàlá, mo ka páálí méjèèjì sókè, mo sì túmọ̀ rẹ̀. "Ilé kan ló ṣe é. Ẹ̀ ń jà lórí nǹkan kan náà."

Bàbá mi gba páálí, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. "Ilé kan náà ò sọ ọ́ di ìwọ̀ kan náà. Ilé kan náà ni wọ́n ti bí èmi àti ẹni yìí. Ṣé a jọra ni?"

"A ò jọra rárá," ni Bàbá Kékeré wí. Nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹnu kò lé lórí láti oṣù méjì nìyẹn.

Ìyá Àgbà dìde. "Èmi tí mo ṣe ẹ̀yin méjèèjì ńkọ́? Ó yẹ kí n ti kọ orúkọ mi sí yín lẹ́yìn ni." Wọ́n da abọ́ kan sínú èkejì, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n sì dúró tì wọ́n bí ọlọ́pàá. Àwọn méjèèjì jẹun. Wọ́n ṣì ń jiyàn àkùkọ àti kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú òkèlè lẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà tó yá Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín, adìyẹ sá, orí ẹja méjì sì kàn mí. Okùn ìwọn aṣọ náà kàn mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ọ́físì kan ní Savalou ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ìwé ni mò ń kà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá Àgbà ti lọ. Ó pé ọdún mẹ́ta tí Bàbá Kékeré náà ti kú. Ojú bàbá mi ò rí òwú mọ́, èmi ni mò ń bá wọn so ìyẹ́ mọ́ ìwọ̀ tí mo bá lọ kí wọn. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí rọ̀, wọ́n pè mí lórí fóònù pé kí n ra ìwọ̀ bọ̀ wálé.

"Alákùkọ, àbí?"

Wọ́n ní, "Rárá. Oníkọ́kọ́rọ́ ni kó o rà. Àkùkọ ti bàjẹ́ láyé ìsinsìnyí, kì í mú ẹja mọ́."

Sàfú ọmọ ọdún mẹ́wàá ì bá ti yí páálí padà, ì bá ka ẹ̀yìn rẹ̀ sí wọn létí lórí fóònù náà, torí òótọ́ nìkan lòun mọ̀. Èmi ní, "Òótọ́ ni, Bàbá. Oníkọ́kọ́rọ́ ló dára jù." Mo ra páálí Oníkọ́kọ́rọ́ méjì lọ́wọ́ ọmọ Tántì Odíìlì, mi ò sì wo ẹ̀yìn wọn.