Ọjọ́ Tí Mo Kúnlẹ̀ Níwájú Adájọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ l'Óṣogbo. Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín o, mo mọ̀!

Wọ́n mú Kọ́lá, àbúrò mi tó ń ṣe wẹ́dà ní Ìkìrun, pé ó wà lára àwọn tó gé wáyà iná l'Ókukù. Ẹnì kan ló ní òun rí i níbẹ̀. Kọ́lá kẹ̀! Ọmọ tí mo pọ̀n dàgbà! Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ni. Oúnjẹ ò wọ ìyá wa lẹ́nu mọ́.

Lọ́ọ̀yà wa, obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ní kí n wá jẹ́rìí. Torí kí ni? Torí pé lọ́jọ́ tí wọ́n gé wáyà náà, Kọ́lá wà lọ́dọ̀ wa n'Ínísà, ó ń jó irin géètì ṣọ́ọ̀ṣì wa pọ̀.

Ọjọ́ pé. Kóòtù dákẹ́ rọ́rọ́, ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ! Wọ́n pe orúkọ mi, mo dé iwájú, mo rí Kọ́lá níbi tí wọ́n fi àwọn afurasí sí, ó ti rù. Kí ni mo ṣe? Mo kúnlẹ̀ gbì!

"Olúwa mi, ẹ dákun, ẹ ṣàánú wa, ẹ foríjì wá!"

Yéè! Lọ́ọ̀yà ìjọba fò dìde. Ó ní ẹni tí kò jẹ̀bi, kí ló ń tọrọ ìdáríjì sí? Ṣé èmi ni mo fẹ́ fi ẹnu ara mi ti ọmọ ìyá mi sẹ́wọ̀n ni?

Lọ́ọ̀yà wa wá bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀. Inú ti ń bí mi nígbà yẹn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nílé tiwa, bí àgbà bá ń dá ẹjọ́, ẹni tó jàre gan-an máa ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kó tó rojọ́. Ẹ̀bẹ̀ mi kò sọ pé a jalè!"

Adájọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní àwọn náà ọmọ Yorùbá ni, àmọ́ ẹ̀rí ni kóòtù ń gbọ́, kí n dìde, kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ojú mi là! Mo sọ fún wọn pé apá kan géètì ni Kọ́lá ṣì ń jó lọ́wọ́ tí iná fi lọ pàá. Ó fi okùn so apá kejì mọ́ òpó, okùn náà sì wà níbẹ̀ dòní. Pásítọ̀ wa náà jẹ́rìí bẹ́ẹ̀.

Ni lọ́ọ̀yà wa bá rán kóòtù létí pé ẹlẹ́rìí ìjọba fúnra rẹ̀ ti sọ pé wáyà tí wọ́n gé yẹn ló mú iná lọ n'Ínísà. Báwo wá ni Kọ́lá ṣe ń gé wáyà l'Ókukù, tí iná tún lọ mọ́ ọn lọ́wọ́ n'Ínísà? Lọ́ọ̀yà ìjọba jókòó.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, adájọ́ ní Kọ́lá kò jẹ̀bi, kó máa lọ sílé. Mo pariwo "Halelúyà!" Ọlọ́pàá ní kí n dákẹ́. Mo jáde síta lọ pariwo tó kù!

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹ̀bẹ̀ dáa nílé, àmọ́ bí ẹ bá dé kóòtù, ẹ sọ ohun tí ẹ rí bí ẹ ṣe rí i. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni kóòtù ti kó láyà jẹ rí? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, kì í ṣe èmi nìkan ni màá fi ara mi ṣẹ̀sín!

Kọ́lá ò tiẹ̀ dúró n'Íkìrun lọ́jọ́ yẹn. Inísà ló gbà lọ tààrà, ó tú okùn, ó sì jó apá kejì géètì náà pọ̀ tán. Ìyá wa ló kọ́kọ́ ṣí i.