Iyanrìn Tó Dé Lẹ́yìn Ikú Àbdùlsàmàd

Àbdùlsàmàd kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí òjò àkọ́kọ́ ọdún yìí kò tíì rọ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Alùpùpù rẹ̀ yọ̀ ní kọ́nà kan tó ti Iganmu bọ́ sí Costain, ó gbé e ṣánlẹ̀, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì rí ibi yà sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Iṣẹ́ dísípáàṣì ló ń ṣe, ó ń gbé ẹrù oníbàárà káàkiri Yaba, Surulere àti Mushin. Bàtà obìnrin kan ló wà nínú àpótí ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí aago méjì ọ̀sán tó lù, ẹlòmíì ti gbé bàtà náà dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, kò sì sí ohun tó ṣe é. Àkókò yẹn gan-an ni wọ́n ń wẹ Àbdùlsàmàd fún ìsìnkú.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ́fíìsì tó ń bójú tó títì náà gbé ìwé jáde. Wọ́n ní eré àsápajúdé ló pa á. Gbólóhùn kan péré ni, wọ́n sì pa fáìlì dé.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín pé onífura èèyàn ni mí. Bí ẹnì kan bá kí mi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń wò. Àwọn àgbà ló kúkú sọ ọ́: páńsá ò fura, páńsá jáná, àjà ò fura, àjà jìn. Torí náà nígbà tí mo ka gbólóhùn yẹn, mi ò sunkún. Mo wọ bàtà, mo ní kí wọ́n mú mi lọ sí kọ́nà náà.

Ọdún márùn-ún ni Àbdùlsàmàd fi gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi wá sílé. Kì í fọn fèrè. Yóò pa ẹ́ńjìnnì lẹ́nu géètì, yóò ní, "Àǹtí, ṣé àlàáfíà lẹ jí?" Lọ́jọ́ kan òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, mo ní kó tètè máa lọ kó tó pọ̀. Ńṣe ló wá ibi jókòó sí.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀. Èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ yìí ló burú jù. Gbogbo ọ́ìlì tó ti ń kán sórí títì látọjọ́ yìí, òun ló máa ń gbé e sókè. Tó bá rọ̀ dáadáa, ó ti fọ̀ ọ́ lọ nìyẹn, màá wá máa lọ."

Mo ní òjò ń bà á lẹ́rù bíi ti ológbò. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ológbò ò ní ìyàwó tó ń retí ẹ̀ nílé, Àǹtí."

Ẹ̀yin ọ̀gá ọ́fíìsì títì, ṣé ọkùnrin yẹn lẹ wá ń sọ fún mi pé ó ń sáré àsápajúdé nínú òjò àkọ́kọ́? Ẹni tó ń bẹ̀rù òjò nínú ọgbà mi, ṣé orí títì ló ti wá gbàgbé ẹ̀rù?

Kọ́nà náà kì í ṣe àjèjì sí i. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń jáde láti ọgbà kan nítòsí ibẹ̀ ló máa ń kán dísẹ̀lì sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yí, ojoojúmọ́ ni. Àwọn ọmọ dísípáàṣì ní àṣà kan láàárín ara wọn: ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ibi tó ń yọ̀ yóò dúró, yóò já ewé sójú títì, yóò da iyanrìn tó bá rí lé e, yóò sì fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn tó kù. Ti Àbdùlsàmàd tún kọjá bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gba lẹ́búlẹ́bú pákó nínú ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà kan ní Mushin, yóò dì í sínú àpò, yóò sì máa wọ́n ọn sí kọ́nà yẹn ní àràárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí Àbdùlsàmàd kú, ìyá kápẹ́ńtà náà ṣaláìsí, kápẹ́ńtà ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó lọ sí Iléṣà fún ìsìnkú. Òfìfo ni wọ́n bá àpò náà nínú àpótí alùpùpù. Ẹ wò ó bí ìlú ńlá báyìí ṣe gbé ẹ̀mí àwọn èèyàn lé pàǹtí kápẹ́ńtà kan lọ́wọ́.

Ẹ má sọ pé ẹ ò gbọ́. Ìwé mẹ́ta ni mo bá Àbdùlsàmàd kọ sí yín láàárín oṣù mẹ́jọ, pé kí ẹ wá da iyanrìn sí kọ́nà náà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé wọn lọ, ẹ sì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó mú padà wá fún mi. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Lẹ́yìn ìkẹta, akọ̀wé yín kan sọ fún un lẹ́nu pé kò sí iyanrìn, kò sì sí ọkọ̀ tí yóò gbé e, kó lọ ní sùúrù.

Ó ní sùúrù. Ẹ wá gbọ́ ohun tí sùúrù bí.

Rilwan, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wà lẹ́yìn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní Àbdùlsàmàd ti dín eré kù, ó ti ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kó lè lọ yà sábẹ́ bíríìjì títí òjò yóò fi rọ̀ dáadáa.

"Ilẹ̀ yẹn ń dán, Àǹtí. Èmi tí mo sọ̀ kalẹ̀ lórí maṣíìnì, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ bá a, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Òjò yẹn ò pẹ́ tó fi dá. Wọ́n gbé e kúrò, kò tíì tó wákàtí kan, ọkọ̀ tipa tó kó iyanrìn ti dé. Wọ́n fi ṣọ́bìrì tẹ́ ẹ dáadáa. Aago mọ́kànlá làwọn tó wá wọn ibi ìjàǹbá náà fún ìwádìí tó dé, iyanrìn ni wọ́n bá. Mo sọ fún ọ̀gá wọn pé, 'Ọ̀gá, àbẹ́ẹ̀gì, ẹ fẹsẹ̀ wa iyanrìn yẹn wò.' Ó ní, 'Ẹ̀yin dísípáàṣì, eré yín ti pọ̀ jù. Kúrò níbẹ̀ jàre.'"

Iyanrìn tí kò sí fún oṣù mẹ́jọ, ta ló bí i láàárín wákàtí kan? Ọkọ̀ tí kò sí, ta ló gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀? Èyí tó sì dùn mí jù nìyí: Rilwan mú mi débẹ̀, ó fi hàn mí. Kì í ṣe ibi tí ẹ̀jẹ̀ Àbdùlsàmàd dà sí ni wọ́n da iyanrìn sí. Ibi tó ti yọ̀ ni, ó tó ogún ìṣísẹ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀. Bí eré ló pa á, tí kò sí ọ́ìlì nílẹ̀, báwo ni ẹni tó rán tipa ṣe mọ ibi tó yẹ kó bò? Ọgbà tí àwọn ọkọ̀ ńlá náà ti ń jáde sì ti géètì pa fún ọjọ́ méjì gbáko. Ṣé ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń ṣe ni?

Wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ère tí wọ́n ṣe fún Àbdùlsàmàd ni tipa iyanrìn kan, èyí tí ì bá gbà á là ká ní ó dé ní ọjọ́ Ajé.

Mo lọ kí ìyàwó rẹ̀, Mujeebah, ní Mushin. Aneesah, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́sàn-án, kò lọ síléèwé lọ́jọ́ náà. Ọmọ kan ní kíláàsì ti sọ fún un pé bàbá ẹ̀ ló fi eré pa ara ẹ̀.

"Mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, Àǹtí," ni Mujeebah wí. "Kí wọ́n ṣáà pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ nínú ìwé wọn. Ọmọ ẹ̀ máa dàgbà, á kà á."

Mo béèrè aṣọ tí Àbdùlsàmàd wọ̀ lọ́jọ́ tó kú. Àṣàbí, ẹ̀gbọ́n Àbdùlsàmàd, ló dáhùn. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe: aṣọ òkú, fífọ̀ là ń fọ̀ ọ́ kí a tó fi ṣe sàráà. Ìfẹ́ àbúrò rẹ̀ ló fi fọ̀ ọ́, kò mọ̀ pé ẹ̀rí lòun ń fọ̀.

"Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni mo ń fọ̀," ló wí. "Ẹ̀jẹ̀ tètè kúrò. Èyí tó kù ni ò lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ọṣẹ bò ó."

Ó gbé ṣòkòtò náà lé mi lọ́wọ́. Láti orúnkún títí dé ìdí ní apá òsì, apá tó fi ṣubú, òórùn dísẹ̀lì ló ń jáde níbẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti sunkún tí mi ò sun látọjọ́ yìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá ọ́fíìsì títì, mo fẹ́ orúkọ ẹni tó pe tipa náà, àti orúkọ ẹni tó sọ ibi tó yẹ kó da ẹrù sí fún un. Mo fẹ́ kí ẹ pa gbólóhùn yẹn rẹ́, kí ẹ kọ òótọ́ rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì buwọ́ lù ú. Gbogbo aṣọ Àbdùlsàmàd tó kù ni wọ́n ti fi ṣe sàráà bó ti yẹ. Ṣòkòtò kan yìí nìkan ló ṣẹ́kù, Mujeebah ti so ó kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní kò ní kúrò níbẹ̀ títí ẹnì kan nínú yín yóò fi wá gbóòórùn rẹ̀ níṣojú Aneesah.