Bí Bàbá Nọ́ọ̀sì Ṣe Rán Alùpùpù Bí Ẹni Rán Bàtà

Aránbàtà ni Bàbá Nọ́ọ̀sì kí orúkọ ọmọ tó bo orúkọ iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọjà rẹ̀ ń tà, kò sí bàtà tó yanu tí kò lè pa lẹ́nu mọ́. Àfi ìgbà tí bàtà oníke dé ìgboro. Wọ́n pọ̀, wọn ò wọ́n, bí ọ̀kan bá sì já, wọ́n á sọ ọ́ sórí ààtàn, wọ́n á ra òmíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹsẹ̀ dá ní ìsọ̀ bàbá. Láti ọjọ́ náà ló ti kórìíra ike bí ológbò ṣe kórìíra òjò.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí ilé wá ń pa kuuru mọ́ ọn, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Bàbá dé pẹ̀lú àpò aṣọ kékeré kan àti àpótí irinṣẹ́ ńlá kan.

"Bàámi, kí lẹ fẹ́ fi àpótí yìí ṣe níbí?"

"Ọmọ mi, ọdẹ tó ti fẹ̀yìn tì náà a ṣì máa nu ìbọn rẹ̀."

Ìsàlẹ̀ ilé alájà kan ni wọ́n ń gbé, pẹ̀lú àgbàlá oníṣimẹ́ńtì àti táǹkì omi tí wọ́n mọ ògiri yí ká. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni alùpùpù pupa tí Nọ́ọ̀sì ń gùn lọ síbi iṣẹ́ máa ń wà, irú èyí tí kò ní jíà, tí ike bò láti ọrùn títí dé ìdí. Lókè, ní yàrá tó kọjú sí àgbàlá, ni opó kan ń gbé tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Fèrèsé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ojú fèrèsé ni ìjókòó rẹ̀. Bí ewé bá já bọ́ sí àgbàlá, ó mọ ẹ̀ka tó ti já.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ ibi iṣẹ́ wá gbé Nọ́ọ̀sì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú mìíràn. Ó fi kọ́kọ́rọ́ alùpùpù kọ́ sára ìṣó, ó ní, "Bàámi, ẹ bá mi mójú tó máṣíìnì mi o. Ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ni mo máa dé."

Ohun tó sọ kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ní kó mójú tó nǹkan, ṣé kò yẹ kó nù ún? Bàbá mú àkísà, ó nù ún. Ẹni tó sì nu àga, ṣé kò ní jókòó wò ó bóyá ó mọ́? Bàbá jókòó. Ìjókòó náà rọ̀ ọ́ lára. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rántí pé òun gun kẹ̀kẹ́ nígbà ọ̀dọ́, kẹ̀kẹ́ náà sì ni èyí, ó kàn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ni. Ó dìde lọ mú kọ́kọ́rọ́. Ó tan án. Ó ní kí òun rọra yí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀, kí òun fi gbọ́ ohùn rẹ̀.

Alùpùpù fò sókè bí ewúrẹ́ tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára. Bàbá ní "Yé è!", kí ó sì tó ní èkejì, ògiri táǹkì ti gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀.

Fèrèsé òkè ṣí wàà.

"Bàbá Nọ́ọ̀sì, ògiri yẹn ò kúrò níbẹ̀ látàárọ̀ o. Ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i," ni bàbá dáhùn láti ilẹ̀. "Òun ni kò rí mi."

"Ṣé ẹ ò fara pa?"

"Rárá o." Bẹ́ẹ̀ orúnkún rẹ̀ ti ń ta á bí ata nínú ṣòkòtò.

Ó gbé alùpùpù dìde, ó wò ó. Ìbòrí iwájú, èyí tó ń bo orúnkún ẹni tó bá gùn ún, ti ya láti òkè, ó kù díẹ̀ kó dé ìsàlẹ̀. Igun rẹ̀ kan ti bọ́ sílẹ̀ bí eyín ọmọdé.

"Ìyá," ni bàbá ké sókè, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa ẹnu mọ́."

"Ẹnu mi ò ní ilẹ̀kùn, ẹ kúkú mọ̀. Àmọ́ tí ọwọ́ mi bá ń ṣiṣẹ́, ẹnu á ráyè sinmi."

Bí Ìyá Fèrèsé ṣe sọ̀ kalẹ̀ di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n tú ìbòrí náà kúrò, wọ́n da àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ sínú abọ́ kí wọ́n má baà sọnù. Gọ́ọ̀mù ni bàbá kọ́kọ́ gbójú lé. Ó fún un sí ojú ibi tó ya, ó fi ọwọ́ dì í mú. Gọ́ọ̀mù mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò àti ìka rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú. Wọ́n lẹ̀ mọ́ra bí ọkọ àti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ìyá Fèrèsé rẹ ọwọ́ náà sínú omi ọṣẹ gbígbóná títí wọ́n fi gbà láti kọ ara wọn sílẹ̀. Nígbà tí bàbá wá gbé ìbòrí náà, tó mì í díẹ̀, ó ní kà! Ó tún ya.

Bàbá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò mí lóòótọ́. Ta ló ń fi gọ́ọ̀mù nìkan ṣe bàtà tó máa rìn? Ohun tó bá ń gbọ̀n, ìrán ló ń fẹ́."

Ó ṣí àpótí rẹ̀. Ó mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó fi ń lu awọ, ó gbé e sórí sítóòfù tí wọ́n gbé sí àgbàlá nítorí èéfín. Ihò kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ lu sí ibi tí yíya náà parí sí, kó má baà sáré kọjá ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lu ihò wẹ́wẹ́ sí ọ̀tún àti òsì, ó sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ rán an láti inú, ó ń fà á, ó ń kùn bí ó ti máa ń kùn ní ìsọ̀ àtijọ́. Ìyá Fèrèsé di igun tó bọ́ náà mú, kò sì sọ̀rọ̀. Ó ya òun gan-an alára lẹ́nu.

Ó ku kí wọ́n fi ike yíyọ́ bo wáyà náà mọ́lẹ̀. Bàbá gé etí garawa oníke kan tó ti jò, ó yọ́ ọ sí i pẹ̀lú ọ̀bẹ gbígbóná. Nígbà tó tutù, ó ṣí kúrò bí èépá. Bàbá sun díẹ̀ nínú garawa, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó sun díẹ̀ lára ìbòrí.

"Eléyìí ń rùn bí àbẹ́là. Eléyìí ń tú èéfín dúdú, ó sì ń ta imú. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, báwo ni wọ́n ṣe máa gbà fún ara wọn?"

Ìyá Fèrèsé gun òkè lọ, ó sì gbé ìkarahun rédíò àtijọ́ kan tí kò ní ìfun nínú mọ́ wá. "Ti olóògbé ọkọ mi ni. Kì í dákẹ́ nígbà ayé rẹ̀."

"Ọkọ yín ni àbí rédíò?"

"Àwọn méjèèjì."

Wọ́n sun díẹ̀ lára rẹ̀: èéfín dúdú, ó ta imú. Bàbá pariwo ayọ̀. Ó gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó yọ́ ọ mọ́ ojú ìrán náà títí wáyà fi wọlẹ̀ sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó fi sáńpépà họ ọ́ títí ó fi jọ̀lọ̀. Ọ̀dà pupa ni kò sí nílé. Pólíìṣì bàtà pupa ni bàbá ní, ó sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi kun ojú ibẹ̀. Ó wá rí i pé ibẹ̀ nìkan ló ń dán, ó bá kun alùpùpù látòkè délẹ̀. Ó ń kọ mọ̀nà bí bàtà ọkọ ìyàwó.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ní, "Háà, Bàámi, ẹ mà fọ máṣíìnì mi! Ẹ ṣeun o." Bàbá ní kò tọ́pẹ́, ó sì yára wọlé lọ sùn.

Ní àárọ̀, Nọ́ọ̀sì wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun báláú, ó gun alùpùpù, ó dé ẹnu géètì. Ó wolẹ̀, ó rí pupa lórúnkún méjèèjì. "Ẹ̀jẹ̀!" Ó bọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ wá ara rẹ̀ bí ó ti máa ń wá ara aláìsàn, kò rí ojú egbò. Ó gbóòórùn ìka rẹ̀.

"Bàámi! Ta ló kun alùpùpù mi ní pólíìṣì bàtà?"

Fèrèsé òkè rọra pa dé. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Bàbá jáde, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí àkísà dé orí ògiri. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìbòrí náà, ó ń fi ìka tọ ojú ìrán lọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìrán tó máa ń kọjá lára ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ̀ síwájú ni. Irú rẹ̀ ló wà lára gbogbo bàtà tí Nọ́ọ̀sì wọ̀ lọ sílé ìwé nígbà èwe. Ó tún fi ìka tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá ò mọ̀ bóyá ẹkún ló ń bọ̀ tàbí ìbínú.

"Ẹ ká ṣòkòtò yín sókè."

"Ṣòkòtò kẹ̀? Kí ló kàn án?"

"Bàámi, mo rí bí ẹ ṣe ń tiro wọlé lánàá."

Orúnkún ti wú bí búrẹ́dì. Ìgbà yẹn ni ìbínú tó dé. "Ike la lè fi wáyà rán! Tó bá jẹ́ egungun yín ló ya ńkọ́, rédíò ta ni a máa yọ́ sí i?" Ó ń bá a wí, ó ń fọ egbò náà. Bàbá ń pòṣé nítorí oògùn ń ta á, Nọ́ọ̀sì sì bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́, aṣọ rẹ̀ sì pupa.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè ohun tó ṣe aṣọ, ó sọ ọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀kan nínú wọn ti ti alùpùpù tirẹ̀ wọ àgbàlá, ike ìdí alùpùpù náà ti ya. Ẹni tó ń gbé búrẹ́dì kiri tẹ̀ lé e. Bàbá gbé àga sábẹ́ àtẹ̀gùn, Ìyá Fèrèsé sì gbé tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, àwọn ará ilé ò wá mọ ibi tí wọ́n ti máa gbọ́ ìròyìn mọ́. Ẹni tó kórìíra ike ló wá ń gbé àpò lọ sí ààtàn, tó ń ṣa ìkarahun rédíò àti tẹlifísọ̀n, tó ń sun wọ́n díẹ̀, tó ń gbóòórùn wọn. Àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Nọ́ọ̀sì ò fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ sára ìṣó mọ́. Àmọ́ ní ọjọ́ Àìkú kan, ó ti alùpùpù lọ sí pápá ilé ìwé tí kò séèyàn níbẹ̀, ó ní kí bàbá gùn ún.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín, kí ẹ má baà tún lọ kọ́ ara yín."

Bí a ṣe ń dúró ló kọ́kọ́ kọ́ ọ, kó tó kọ́ ọ bí a ṣe ń lọ. Bàbá gbéra. Ìrìn adìyẹ ló ń rìn, tí Ìyá Fèrèsé tó bá wọn wá ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń kùn pé bí àwọn bá ń bá a lọ báyìí, òun ló máa kọ́kọ́ dé.

Bàbá yí ọwọ́ alùpùpù díẹ̀ sí i, afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ̀wù rẹ̀ ó wú gàgàrà, ó sì fi ìyá sílẹ̀ sẹ́yìn.