Yanrìn Tí Mo Tọ́ Wò ní Kpogan

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ojú máa ń tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kò ní tíì sọ "bonjour" tán tí mo fi máa sá sẹ́yìn bàbá mi. Bíríkìlà ni bàbá mi. Bí a bá ti jáde níléèwé, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ń lọ ṣeré.

Ẹ̀yin tí ẹ bá gba ìlú wa, Kpogan, létí òkun kọjá lè ti rí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan, tí iwájú rẹ̀ jẹ́ amọ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù. Ilé oníṣòwò kan ni tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló yọ̀ǹda rẹ̀ kí wọ́n máa kó aṣọ kẹ́ńtẹ́ àti àga àtijọ́ sí i. Nígbà tó kún, wọ́n ní kí bàbá mi kọ́ yàrá méjì mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ṣe olórí iṣẹ́ nìyẹn. Ó ní àlejò kì í jókòó ga ju onílé lọ, nítorí náà òrùlé tuntun gbọ́dọ̀ fi ìka mẹ́rin rẹlẹ̀ sí ti àtijọ́.

Lọ́jọ́ kan, ó lọ sí ọjà Hédzranawoé láti wá fèrèsé àlòkù tó máa bá ti iwájú mu. Kó tó dé, ọkọ̀ já yanrìn sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti fi mọ ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́ta. Mo bu díẹ̀ sẹ́nu, bí bàbá mi ti máa ń ṣe kó tó gba yanrìn. Iyọ̀ ni. Yanrìn òkun ni wọ́n já, kì í ṣe ti odò. Mo mọ̀ pé iyọ̀ á mú kí ògiri máa làágùn, ọ̀rinrin á sì ba gbogbo aṣọ inú rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ fún? Mo jókòó ti òkìtì yanrìn náà, mo ń retí bàbá mi.

Nígbà tí bàbá mi dé, màmá tó ń bójú tó ilé náà ti ń yin ògiri. Mo fa ṣòkòtò bàbá mi.

"Bàbá, ó níyọ̀."

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan bi mí bóyá ọbẹ̀ ni mo fẹ́ fi í sè. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tọ́ yanrìn náà wò, ó tutọ́.

"Ẹ má bínú mà, a máa wó o. Èmi ni mi ò dúró ti iṣẹ́ mi."

Màmá náà fi ìka kan yanrìn, ó fi kan ahọ́n, ojú rẹ̀ fún pọ̀. "Ẹ wó o," ó ní. "Kí ẹ sì máa mú ọmọ yìí wá lójoojúmọ́."

Èjìká bàbá mi ni mo gùn délé lọ́jọ́ yẹn.

Lóde òní, yanrìn ń bá ìwé ẹ̀rí tó sọ ibi tí wọ́n ti wà á wá. Ìwé ni àwọn bíríkìlà ń wò. Mi ò bá wọn jà, ayé ti yàtọ̀ ni. Lóṣù tó kọjá, mo mú ọmọ mi lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Mo fọwọ́ pa ògiri ẹ̀yìn, ó gbẹ dáadáa. Bí a ṣe jáde, ọmọ bu yanrìn sẹ́nu. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n gbá a lọ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bi í jẹ́ẹ́jẹ́ bóyá ó níyọ̀.